Tí Eré Rọ́ṣíà Bá Bọ́ Sẹ́nu Elédè Gẹ̀ẹ́sì

 

Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí àwọn eré ńláńlá ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣe ń di ohun tí òṣèré ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún elédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè ni: kí a rí ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà, kí a wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ gbé ni ipò tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan wà sí ẹnìkejì rẹ̀: ta ni àgbà, ta ni àbúrò, baba ta ló ṣe ẹrú nílé ta, ta ló jẹ ta lówó. Bí èyí bá fo olùtumọ̀, gbogbo gbólóhùn lè tọ́, eré á kú sórí ìtàgé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911, ẹgbẹ́ Stage Society ṣe The Cherry Orchard, eré Anton Chekhov tí n ó máa pè ní Ọgbà Ṣẹ́rì, ní gbọ̀ngàn Aldwych ní Lọ́ńdọ̀nù. Constance Garnett ló túmọ̀ rẹ̀. Kí eré tó parí, ọ̀pọ̀ òǹwòran ti dìde, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Àwọn òǹwòran náà kì í ṣe òpè o. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn eré tuntun ni Stage Society. Àwọn ni wọ́n ń gbé eré Bernard Shaw jáde nígbà tí àwọn gbọ̀ngàn ńlá kò tíì kà á sí. Shaw alára fẹ́ràn Chekhov débi pé nígbà tó kọ Heartbreak House, ó kọ ọ́ sára ìwé náà pé ọ̀nà àwọn ará Rọ́ṣíà lòun tọ̀ láti fi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní Aldwych lọ́jọ́ yẹn, ohun tí èrò rí kò ju àwọn àjèjì kan tó ń rojọ́ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, tí ẹnì kankan kò sì ṣe nǹkan kan sí i.

N kò ní bá àwọn tó ń bú Constance Garnett bú u. Obìnrin tí wọ́n bí ní 1861 yìí túmọ̀ ìwé Rọ́ṣíà tó tó nǹkan bí 70: ti Tolstoy, ti Dostoevsky, ti Turgenev, ti Chekhov. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, síbẹ̀ kò jáwọ́. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, àìmọye elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá má mọ òǹkọ̀wé Rọ́ṣíà kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ka ìwé lè dúró, ó lè padà sí ojú ewé tó ti kọjá. Ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó bá ti kọjá etí rẹ̀, ó lọ nìyẹn.

George Calderon mọ èyí. Ó ti gbé ní Petersburg, ó sì gbọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ní 1909, ní Glasgow, òun ló túmọ̀ The Seagull, òun náà ló sì darí rẹ̀, ọdún méjì kí ti Aldwych tó wáyé. Ó ti yé e pé agbo ni Chekhov ń kọ: ẹnì kan ń sọ ti oko, ẹnì kan ń sọ ti eyín tó ń dùn ún, ìbànújẹ́ ẹnì kẹta sì wà láàárín wọn láìsí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ogun pa Calderon ní Gallipoli ní 1915. Mo gbà pé ikú rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ Chekhov sẹ́yìn ní Ìlú Ọba fún ọdún pípẹ́.

Kí ni àwọn ará Aldwych kò rí? Ẹ wo ìtàn inú eré náà. Ìyáàfin Ranevskaya àti Gaev arákùnrin rẹ̀ jogún ilẹ̀ ńlá kan tó ní ọgbà igi ṣẹ́rì. Gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì fẹ́ ta ilẹ̀ náà ní gbàǹjo. Lopakhin, oníṣòwò tó ti lówó, ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé igi yẹn, kí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún àwọn ará ìlú ńlá tó fẹ́ kọ́ ilé ìsinmi. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ gbàǹjo pé, Lopakhin fúnra rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: baba Lopakhin àti baba baba rẹ̀, ẹrú ni wọ́n lórí ilẹ̀ yẹn gan-an.

Ní Rọ́ṣíà, títí di ọdún 1861, ènìyàn wà tí wọ́n ń tà mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọba Alexander Kejì fòpin sí i, àwọn tó wà lábẹ́ àwọn onílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 20. Chekhov kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka èyí nínú ìwé. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí. Baba baba rẹ̀ ló kó owó jọ tó fi ra ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ padà. Wọ́n bí Chekhov ní Taganrog ní 1860, ọdún kan péré kí òfin tó yí padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ àwọn ará Moscow Art Theatre, kí eré náà tó jáde ní 1904, pé kí wọ́n má sọ Lopakhin di aláriwo oníṣòwò lásán. Ó fẹ́ kí Stanislavski, àgbà òṣèré ibẹ̀, ṣe Lopakhin. Stanislavski mú Gaev.

Ẹ wá wo Firs, ìránṣẹ́ ẹni ọdún 87, tó ń fi ẹ̀wù òtútù tẹ̀lé Gaev kiri, tó ń bá a wí pé ó tún wọ ṣòkòtò tí kò yẹ. Ẹni ọdún 51 ni Gaev o! Òǹwòran Gẹ̀ẹ́sì á rẹ́rìn-ín, á rò pé ọ̀kan lára àwọn ìránṣẹ́ àgbà inú eré àwàdà tiwọn ni. Ẹni tó bá mọ bí ẹrú ilé ṣe máa ń tọ́ ọmọ olówó rẹ̀ dàgbà nínú agboolé ńlá láyé àtijọ́ á gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọkùnrin yìí kò ní ayé mìíràn ju ayé ọmọ olówó rẹ̀ lọ. Nígbà tí òmìnira dé, kò kúrò. Àní, àjálù ló ń pè é. Nígbà tí eré bá sì parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọn sínú, gbogbo wọn lọ, ẹnì kan kò rántí rẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá ti fi Firs ṣe aláwàdà láti ìbẹ̀rẹ̀, òpin yìí á dà bí èèṣì. Bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ ni.

Ìran kan wà ní apá ìkẹyìn eré yẹn tí mo kà sí òṣùwọ̀n olùtumọ̀. Ranevskaya ní ọmọbìnrin kan tó gbà tọ́, Varya, tó ń bójú tó ilé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Lopakhin ló yẹ kó fẹ́ ẹ. Wọ́n ti di ẹrù tán, àkókò ọkọ̀ ojú irin ti sún mọ́, Ranevskaya sì bẹ Lopakhin pé kó sọ ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ó gbà. Wọ́n pe Varya wọlé, wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Varya ń wá nǹkan kan nínú ẹrù, kò rí i. Lopakhin bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó dá a lóhùn. Lopakhin sọ ibi tí òun náà ń lọ. Ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé òtútù ti dé. Varya ní òun kò wò ó, pé ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù ti fọ́. Ẹnì kan pe Lopakhin láti ìta, ó sì sáré jáde bí ẹni tó ti ń retí ìpè náà tipẹ́. Varya jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé ẹrù, ó ń sunkún.

Ọmọ ilé ìwé lè túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìran yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ líle kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ahọ́n ọkùnrin tó lè ra ilẹ̀ ọ̀gá baba rẹ̀ fi wúwo níwájú ọmọbìnrin kan? Ẹ rántí pé nígbà tí Lopakhin wọlé wá sọ pé òun ni òun ra ilẹ̀, Varya tú kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò ní ìgbànú rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì jáde. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà láàárín wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ òtútù. Olùtumọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kúrú, kó gbẹ, kó sì rọrùn lẹ́nu, kí òṣèré lè rí àyè gbé ohun tí kò ṣe é sọ. Olùtumọ̀ tó bá ń fi àlàyé kún un ti ba ìran náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí Ọgbà Ṣẹ́rì, ká wo Uncle Vanya. Sonya ní ìyàwó baba kan, Yelena, ẹni ọdún 27, tí òun àti Sonya kò jura lọ púpọ̀. Wọ́n ti bínú síra wọn tipẹ́. Ní òru ọjọ́ kan tí ìjì jà, Yelena bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, ó sì rọ wáìnì sínú ife kan ṣoṣo kí wọ́n jọ mu ún. Lẹ́yìn náà ni ó bi Sonya bóyá ọ̀rọ̀ ti di "ìwọ" láàárín wọn báyìí. Sonya dá a lóhùn pé ó ti dà bẹ́ẹ̀. Ó tán. Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún, kété lẹ́yìn náà sì ni Sonya tú àṣírí ọkùnrin tó fẹ́ràn fún un.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ní "ìwọ", wọ́n sì ní "ẹ̀yin" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, bíi tiwa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù tirẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé gbogbo ìran náà ró kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olùtumọ̀ kan lè ní kí Yelena béèrè bóyá àwọn ti di ọ̀rẹ́, òmíràn lè mú un wá sórí orúkọ tí wọ́n á máa pe ara wọn. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, kò sì sí èyí tó tó. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ẹni tó wà lókè ló ń fúnni láyè, ẹni ìsàlẹ̀ kì í gbà á fúnra rẹ̀. Yelena gbà kí Sonya sọ̀kalẹ̀ láti orí "ẹ̀yin", ó sì fi ipò ìyá sílẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá sì ti sọ àjọṣe nù, ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀lé e lọ. Chekhov kọ ọ́ sí iwájú Ọgbà Ṣẹ́rì pé eré apanilẹ́rìn-ín ni. Stanislavski sọ ọ́ di eré ẹkún ní Mọ́skò, inú Chekhov kò sì dùn. Ẹkún náà ló wọ ọkọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Theodore Komisarjevsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ń ṣe eré Chekhov ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Barnes ní 1926, èrò rọ́ wá, òun ló sì jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn Chekhov tọkàntọkàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Three Sisters, ó fi John Gielgud, arẹwà ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣe Tuzenbach, ó sì yọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ pé Tuzenbach kò lẹ́wà kúrò. Ẹ wo ohun tí ìyẹn bàjẹ́! Irina, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin inú eré náà, gbà láti fẹ́ Tuzenbach láìní ìfẹ́ rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá burẹ́wà, a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná a láti gbọ́, a sì mọ ohun tó ná Irina láti sọ. Bí ó bá lẹ́wà bí Gielgud, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ló kù.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ní gbọ̀ngàn Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà lónìí. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni ti Michael Frayn. Iṣẹ́ ológun ló sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, nítorí ìjọba kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní èdè náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Òǹkọ̀wé eré ni òun náà. Nígbà tó túmọ̀ Ọgbà Ṣẹ́rì fún National Theatre ní 1978, orí kan náà ló gbọ́ Rọ́ṣíà tó sì mọ ohun tí òṣèré lè gbé sẹ́nu. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo kà, tirẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀rín Chekhov yè sí jù.

Ọ̀nà kejì ló wọ́pọ̀. Gbọ̀ngàn á ní kí ẹni tó gbọ́ Rọ́ṣíà túmọ̀ eré náà ní ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á kó o fún òǹkọ̀wé eré olókìkí tí kò gbọ́ Rọ́ṣíà, òun á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó dùn. Báyìí ni Tom Stoppard ṣe Ivanov ní 2008, báyìí ni Annie Baker ṣe Uncle Vanya ní New York ní 2012. Iṣẹ́ Baker dára púpọ̀. Àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú òǹwòran. N kò ta ko ọ̀nà yìí. Etí òǹkọ̀wé eré kì í ṣe ohun tí a ń rí lójú ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó gbọ́ "ìwọ" àti "ẹ̀yin", ẹni tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ìránṣẹ́ ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ wí níbí yìí, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ wínníwínní sí ìsàlẹ̀ ìwé eré, tí kì í sì í dé ara pátákó ìpolówó. Helen Rappaport, tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ní Ìlú Ọba, yẹ lẹ́ni tí òǹwòran mọ̀ bí ẹni mowó.

Àwọn tó gbé eré náà kúrò ní Rọ́ṣíà pátápátá ńkọ́? Ní Ireland, Brian Friel rí i pé òṣèré Irish tó bá fẹ́ ṣe Chekhov ní láti máa sọ̀rọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló túmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ìwé tó wà nílẹ̀. Ní 1981, ó kọ Three Sisters tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ Field Day ní Derry, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ní ọdún kan náà, Thomas Kilroy gbé The Seagull lọ sí ìwọ̀-oòrùn Ireland, sí ilé ńlá àwọn onílẹ̀ tó ń wó lọ. Kilroy kò fi tipátipá mú nǹkan. Onílẹ̀ àti àgbẹ̀ tó ń san owó ilẹ̀ wà ní Ireland bí wọ́n ṣe wà ní Rọ́ṣíà, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Nikolai Gogol. Ní 1836, wọ́n ṣe eré rẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní The Government Inspector ní Petersburg, ọba Nicholas Kìíní sì wá wò ó. Àwọn aláṣẹ ìlú kékeré kan gbọ́ pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti olú-ìlú. Ẹ̀rù bà wọ́n: adájọ́ ń gba ọmọ ajá ọdẹ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ń já lẹ́tà onílẹ́tà kà. Wọ́n rí ọ̀dọ́ aláìníláárí kan tí kò lè san owó ilé ìtura, wọ́n rò pé òun ni, wọ́n sì ń rọ owó fún un. Nígbà tó ti sá lọ tán, wọ́n kéde pé olùbẹ̀wò gidi ti dé, gbogbo wọn sì dúró gbagidi láìsọ̀rọ̀.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé eré yìí wá sí ilẹ̀ wa ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì pè é ní Who's Afraid of Solarin? Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú iṣẹ́ yẹn. Ní Rọ́ṣíà Gogol, orúkọ oyè olùbẹ̀wò tó láti da ìlú rú, nítorí ọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, aláṣẹ ìbílẹ̀ tó bá gbọ́ pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ á kàn bi ara rẹ̀ pé èló ni wọ́n máa fún un. Eré á kú níbẹ̀! Nítorí náà ni Ọ̀ṣọ́fisan ṣe wá ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé kò ní gbà. Tai Ṣólàárín ni, olùdásílẹ̀ Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, tó jẹ́ kọmíṣánnà tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú nígbà náà. Ó fi ènìyàn kan dípò oyè, ẹ̀rù náà sì di òótọ́. Dọ̀tun Ògúndèjì wá sọ ọ́ di Yéèpà! Ṣólàárín Ń Bọ̀ ní èdè Yorùbá, Túndé Kèlání sì gbé e sínú fíìmù. Lójú mi, nínú gbogbo ohun tí mo mẹ́nu bà lónìí, kò sí èyí tó mọ Gogol ju èyí lọ.

Mo fẹ́ fi ti Inua Ellams kún un. Jos ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, National Theatre ṣe Three Sisters tirẹ̀, tó gbé kalẹ̀ sí Owerri nígbà ogun Biafra. Èkó ni àwọn arábìnrin náà ń fẹ́ padà sí dípò Mọ́skò. Nínú eré Chekhov, Natasha, ìyàwó ilé tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín nítorí aṣọ rẹ̀ àti ìlànà rẹ̀, ló gba ilé náà mọ́ wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ellams sọ ọ́ di Abọ́sẹ̀dé, ọmọ Yorùbá nínú ilé Ìgbò, láàárín ogun. Òǹwòran tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò lè jókòó jẹ́ẹ́ wo ìyẹn. Ìfojútín-ín-rín tó jẹ́ ti aṣọ àti ìwà ní Rọ́ṣíà di ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí lára, bẹ́ẹ̀ ni ipò obìnrin náà nínú ilé kò yí padà rárá. Àwọn kan sọ pé ogun náà tóbi ju eré Chekhov lọ, pé ó bo àwọn arábìnrin náà mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ Ellams.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin olùdarí gbọ̀ngàn tó ń lo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀, ẹ gbé orúkọ ẹni tó ṣe é sí ara pátákó ìpolówó, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ kàwé ní Mọ́skò, ní Yunifásítì Patrice Lumumba àti ní àwọn ìlú mìíràn, tí èdè Rọ́ṣíà ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ má jẹ́ kó bá yín wọlé. Ẹ pe òǹkọ̀wé eré Yorùbá kan, ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbé eré kan láti Rọ́ṣíà bọ́ sí Yorùbá tààrà, láìgba ti Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Uncle Vanya ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.